Ọmọ mi kì í kólòlò nídìí géèmù: kí ni kí n sọ fún bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 14. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi PlayStation ránṣẹ́ sí i nígbà ọdún Kérésì, láti ọjọ́ náà ni ilé wa ò ti rójú. Bàbá rẹ̀ ní géèmù ló ń sọ ọmọ dọ̀lẹ, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sínú iṣẹ́ Yahoo, ó sì ti ń wá ẹni tó máa rà á. Mi ò fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń kólòlò. Kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, àlejò tó bá sì lè sá fún, á sá fún un. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán Sátidé, tó gbé hẹ́ẹ̀dífóònù kọ́ etí, tí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù láti ọ̀hún, ohùn rẹ̀ á máa já geere, á tún máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ire kankan wà nínú nǹkan yìí lóòótọ́, àbí ojú abiyamọ ni mo fi ń wò ó?

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Etí yín ò tàn yín jẹ. Ire wà nínú géèmù, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ire náà ò tóbi bí àwọn tó ń ta géèmù ṣe ń sọ ọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń wá a kọ́ ló sì wà. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọkọ yín á fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa géèmù rú ni pé wọ́n kàn ń fi àwọn tó ń gbá a wé àwọn tí kì í gbá a. Ìyẹn ò tó. Bí a bá rí i pé ara àwọn tó ń jẹ ẹran lójoojúmọ́ le ju ti àwọn tó ń mu gàrí lọ, ta ló sọ pé ẹran ló ṣe é? Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n fi ń ra ẹran ni, owó kan náà tí wọ́n fi ń ra oògùn, tí wọ́n fi ń sùn lábẹ́ fáànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe lè sá sídìí géèmù, kí ẹni tó bá a níbẹ̀ máa wí pé géèmù ló ba inú rẹ̀ jẹ́.

Àwọn olùwádìí kan ní Jàpáànì rí ọ̀nà gbà yọ nínú ìdíjú yìí. Nígbà àrùn Kòrónà, ẹ̀rọ géèmù di ọ̀wọ́n níbẹ̀. Nintendo Switch ò tó, PlayStation 5 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 2020 náà ò tó, débi pé ṣe ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí wọn yóò tà á fún. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe wá rí. Ẹni tí kèké mú àti ẹni tí kèké ò mú, àwọn méjèèjì ló fẹ́ géèmù, àwọn méjèèjì ló ti múra àtisan owó rẹ̀. Oríire nìkan ló yà wọ́n. Láàárín 2020 sí 2022, wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn 97,602, láti ọmọ ọdún 10 títí dé àgbà ọdún 69, àwọn 8,192 nínú wọn sì ti kópa nínú kèké náà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024. Àwọn tí kèké mú, tí wọ́n sì rí ẹ̀rọ náà gbá, ọkàn wọn balẹ̀ ju ti àwọn tí kò mú lọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé kèké ló pín wọn, a ò lè sọ mọ́ pé àwọn tí ọkàn wọn ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló lọ ra géèmù.

Ẹ má sọ apá ibẹ̀ nìkan fún bàbá o, kó má baà ká yín mọ́ ibi tí ẹ ò mọ̀. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé bí eré ọjọ́ kan bá ti kọjá wákàtí 3, èrè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ó tún fi hàn pé Switch ṣe àwọn ọmọdé lóore ju bó ṣe ṣe àgbà lọ, ṣùgbọ́n oore tí PlayStation 5 ṣe ọmọdé kò tó èyí tó ṣe àgbà. Èrò tèmi nípa ìyàtọ̀ yìí ni pé Switch ni ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé kiri nínú ilé, tí ìyá, àbúrò àti àǹtí lè jọ dìmú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Ní ti pé géèmù ń sọ ọmọ dọ̀lẹ, ojú àti ọwọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2003, C. Shawn Green àti Daphne Bavelier ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà kó àwọn tí kì í gbá géèmù jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan máa gbá géèmù ogun fún wákàtí kan lóòjọ́, ọjọ́ 10 gbáko. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa gbá Tetris, èyí tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ láti òkè. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ojú àwọn tó gbá géèmù ogun ń kó nǹkan púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń tètè rí ohun tó bá yọ lẹ́bàá ojú wọn, ju àwọn oní-Tetris lọ. Iṣẹ́ ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ń wúlò fún. Ní 2007, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nípa dókítà 33 ní New York tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń lu ihò kékeré sí ara, tí kámẹ́rà á wọ inú ibẹ̀, tí dókítà á máa wo tẹlifíṣọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn tó ti máa ń gbá géèmù ju wákàtí 3 lọ lọ́sẹ̀ rí, àṣìṣe wọn fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò gbá a rí, wọ́n sì fi ìdá 27 yára jù wọ́n lọ. Aránṣọ ni yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, ọwọ́ lára aṣọ, ojú lójú abẹ́rẹ́, kí ẹnì kankan nínú wọn má dúró de èkejì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ti àwọn dókítà yẹn jẹ́ irú ìfiwéra tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù. Ti Rochester ló lágbára jù lójú mi, torí àwọn tí kì í gbá géèmù ni wọ́n mú, tí wọ́n sì pín. Irú ìyẹn náà ni èyí tí wọ́n ṣe ní California, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: àwọn àgbà láti ọdún 60 sí 85 fi wákàtí 12 láàárín oṣù kan gbá géèmù ọkọ̀ wíwà tí wọ́n dìídì ṣe fún wọn, tí wọ́n á máa wa ọkọ̀, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ àmì ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ń ṣe é ju àwọn ọmọ ogún ọdún tí kò gbá a rí lọ. Bí ìyá àgbà bá wà nílé yín, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí pádì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí fún bàbá pé géèmù máa gbé máàkì ìṣirò ọmọ yín sókè. Ẹni tó bá ń gbá géèmù kan máa ń mọ géèmù náà sí i, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ á sì yá. Ìwé ló ń kọ́ni ní ìwé.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ẹ rántí ìdí ọpọ́n ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, àgbà méjì tó kojú síra wọn, èrò tó yí wọn ká lábẹ́ igi. Ẹni tó bá dé bá wọn á ní, “Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.” Wọ́n á dáhùn pé, “Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn.” Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò dáadáa, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pe àwọn àgbà wọ̀nyẹn ní ọ̀lẹ. Ayò ń kọ́ wọn ní ìṣirò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìṣirò kọ́ ni wọn ó dárúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ara lágbájá ò yá. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ti kọ́kọ́ ń tún rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń rí i pé wọ́n lè na àgbàlagbà láyò lójú èrò, kó dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó sì tún padà wá lọ́la.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù èyíkéyìí ládùúgbò yín lọ́sàn-án ìsinmi, ohun kan náà lẹ ó rí. Bẹ́ǹṣì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, pádì méjì, jẹnẹrétọ̀ níta. Ẹni tó bá na ẹnì kejì jókòó sójú kan, ẹni tí wọ́n nà á dìde fún ẹni tó kàn. Ọmọ mẹkáníìkì ń na ọmọ olówó, ọmọ olówó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bó ṣe gba bọ́ọ̀lù yẹn kọjá han òun. Wọ́n mọ ẹni tó kàn láìsí tíṣà tó to wọ́n sórí ìlà. Mo ti jókòó níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń ronú pé àwọn àgbà wa ìbá dá ibẹ̀ mọ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò lè gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ọmọ náà ò lọ́rẹ̀ẹ́, géèmù nìkan ló mọ̀. Mo ní kó gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílé fún oṣù mẹ́ta. Oṣù kan ò tíì pé tí wọ́n fi padà wá. Ọmọ náà ti rù, kò jáde ní yàrá mọ́, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé ta ni ó ń bá gbá a. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwé kan náà kí bàbá tó kó ìdílé rẹ̀ wá sí ìlú mìíràn. Orí géèmù ni wọ́n ti ń pàdé lálaalẹ́. A ní ọmọ ò lọ́rẹ̀ẹ́, a sì fi ọwọ́ ara wa gba ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó béèrè iye wákàtí, kí n tó béèrè orúkọ géèmù, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi òbí ni pé, ta ni ọmọ yín ń bá gbá a?

Ìdílé kan ní Norway rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn lẹ́yìn tí ọmọ wọn ti kú. Mats Steen lorúkọ ọmọ náà, wọ́n bí i ní 1989. Àìsàn Duchenne, èyí tó máa ń jẹ iṣan ara díẹ̀díẹ̀, ló bá a jà. Kẹ̀kẹ́ arọ ló ń lò láti kékeré, nígbẹ̀yìn ìwọ̀nba ìka ọwọ́ ló kù tó lè lò. World of Warcraft ló ń gbá, tọ̀sán-tòru. Àwọn òbí rẹ̀ gbà pé ọmọ àwọn lo ayé rẹ̀ ní òun nìkan, pé kò ní ọ̀rẹ́, pé kò sí ẹni tó ràn lọ́wọ́ rí, ìyẹn sì dùn wọ́n ju àìsàn náà lọ. Ó kú ní November 2014, ní ọmọ ọdún 25. Bàbá rẹ̀ wá kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù ọmọ náà pé ó ti lọ.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti onírúurú orílẹ̀-èdè. Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ Mats tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ibelin ni wọ́n mọ̀, ọkùnrin abara líle tó máa ń sáré kiri inú géèmù, tí gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú ẹgbẹ́ wọn máa ń sá tọ̀. Ìyá kan wà láàárín wọn tí ọmọ rẹ̀ ní autism, èyí tó máa ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn ṣe, tí ìyá náà ò sì mọ bí òun ṣe lè sún mọ́ ọn. Mats ló gbà á níyànjú pé kó wọlé bá a nínú géèmù, ibẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ti tún rí ara wọn. Ọmọbìnrin kan wà ní Netherlands tí àwọn òbí rẹ̀ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Mats jókòó, ó kọ lẹ́tà sí àwọn òbí náà, ó fi sùúrù ṣàlàyé ohun tí géèmù jẹ́ fún ọmọ wọn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Starlight, wọ ọkọ̀ òfurufú wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú ni bàbá àti ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú kan ọ̀rẹ́ ọmọ wọn. Màmá, ẹ̀yin ti gbọ́ ohùn ọmọ tiyín ní Sátidé nígbà tó wà láàyè, tó wà lábẹ́ òrùlé yín. Ẹ ti ṣe ohun tí wọn ò rí ṣe.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìkólòlò náà. Ohun tí ẹ rí kì í ṣe àlá. Àwọn tó ń kólòlò kì í sábà kólòlò bí wọ́n bá ń kọrin, bí wọ́n bá ń ka nǹkan pọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì, bí wọ́n bá ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, tàbí bí wọ́n bá ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀. Ahọ́n wọn ò yarọ. Ibi tí ojú bá ti ń dúró dè wọ́n ni ọ̀rọ̀ ti ń há. Nídìí géèmù, kò sí ojú tó ń wo ẹnu ọmọ yín. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń wò. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kúrú: “Gbé e wá!” “Ó wà lẹ́yìn ẹ!” “Gbá a wọlé!” Kò sẹ́ni tó ráyè ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan há. Ohun tó sì dà bíi pé ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ipò tó wà níbẹ̀. Ní kíláàsì, òun ni akólòlò. Nídìí géèmù, ọ̀ta ni. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń dáhùn nídìí ayò: ọ̀ta ló ń jẹ́, òpè ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ọmọ yín ti rí ibi kan láyé tí òun ti ní àṣẹ àtisọ̀rọ̀.

Mi ò ní kí ẹ fi géèmù rọ́pò ìtọ́jú. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ wà; ẹ béèrè wọn ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Sátidé kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún un pé ẹ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú un dání. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ á fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń já geere ju ibi tó ti ń há lọ, torí láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà ń jèrè, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé Yorùbá ìbáwí nìkan ló ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ń gbọ́ Yorùbá ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí kíláàsì èdè tó lè fi irú ẹ̀ kọ́ni.

Ẹ tún béèrè nípa ire lápapọ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ yín á ní ìyẹn dára fún ilé, kí ló kan ìlú? Èyí tó wù mí jù ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí pẹ̀lú. Láti 2012 ni Mojang, àwọn ará Sweden tó ṣe Minecraft, àti UN-Habitat, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi, ti ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Block by Block. Minecraft ni géèmù tí ọmọdé ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, tí wọ́n ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n ń la ọ̀nà. Wọ́n á kó àwọn ará àdúgbò jọ sídìí kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́, ìyá ọlọ́jà, àgbàlagbà, wọ́n á ya àwòrán ibi tí wọ́n fẹ́ tún ṣe sínú géèmù, wọ́n á ní: ẹ kọ́ ọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Kibera ní Nairobi wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ rò ó wò. Bí ìjọba bá fẹ́ tún ọjà ṣe, ìwé tí akọ́lé ya ni wọ́n máa ń tẹ́ síwájú èrò, ìlà funfun lórí bébà, ta ló mọ̀ ọ́n kà nínú wa? Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ á gbọn orí, á ní ó dára, á lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 16 bá kọ́ ọjà náà síwájú rẹ̀ nínú géèmù, á rí i pé wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ìkọ̀kọ̀ tí obìnrin ò lè dá lọ lálẹ́, á sì ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní aláìníṣẹ́ nítorí géèmù ló wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àgbà di ohun tí ìjọba lè fojú rí.

Àwọn mìíràn wà. Ní 2011, àwọn tó ń gbá Foldit, géèmù tí Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ṣe, ṣàwárí bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí kòkòrò àrùn kan tó dà bí ti éèdì nínú ọ̀bọ fi ń ṣiṣẹ́ ṣe rí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń bá a fà á. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta parí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì kọ́ ìmọ̀ náà níbì kankan. Láti 2010 ni àwọn kan sì ti ń péjọ lábẹ́ orúkọ Games Done Quick láti gbá géèmù níwájú èrò orí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí wọ́n ń fi kó owó jọ fún àwọn aláàánú bíi Doctors Without Borders. Owó náà ti kọjá mílíọ̀nù 40 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ Yahoo ńkọ́? Mi ò fojú kéré ẹ̀rù bàbá. Òbí tó bá ń gbé ìlú wa tí ẹ̀rù yẹn ò bà, kò lajú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yahoo tí mo ti bá sọ̀rọ̀, ojúkòkòrò, ẹgbẹ́ búburú àti àìríṣẹ́ ni wọ́n bá débẹ̀. Mi ò tíì rí èyí tí géèmù gbé lọ. Ohun tí mo ti rí kó bẹ̀rẹ̀ nídìí géèmù ni ìbéèrè kan: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ọmọ tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Abíọ́lá Ọláníran, ọmọ tó jáde ní OAU Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, sílẹ̀ ní 2012, mílíọ̀nù àìmọye ìgbà ni wọ́n sì ti gba géèmù rẹ̀ sórí fóònù káàkiri ayé. Ọdún kan náà ni Hugo Obi bẹ̀rẹ̀ Maliyo ní Èkó. Nígbà tí Disney gbé Iwájú, fíìmù kàtúùnù wọn, jáde ní 2024, Maliyo ló ṣe géèmù oúnjẹ síse tó bá a rìn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbá géèmù ló máa débẹ̀, bí kì í ti í ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló máa dé Yúróòpù. Ṣùgbọ́n Scratch, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá gbà á, ẹ ó mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ewu náà wà, mo sì fẹ́ kí ẹ dá a mọ̀. Láti January 2022 ni àìsàn géèmù ti wà lára àwọn àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí a wò ni kí ọmọ má lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, kí géèmù borí oúnjẹ, oorun, ìwé àti ènìyàn, kó sì máa gbá a lọ bó ṣe ń rí i pé ó ń ba ayé òun jẹ́, kí èyí tó ọdún kan. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe fún mi ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ṣọ́ owó: nínú géèmù bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń ta àpò tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí a tó san owó, Belgium sì ti kà á sí tẹ́tẹ́ láti 2018. Ẹ má fi káàdì báńkì yín sórí ẹ̀rọ náà. Bó bá ń lọ ṣọ́ọ̀bù géèmù níta, ẹ bi í bóyá wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa gbá a nílé. Kí ẹ̀rọ náà wà ní pálọ̀, kó má wọ yàrá. Kí wákàtí rẹ̀ má kọjá méjì lọ́jọ́ tí kò sí ilé ìwé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí a pa á.

Ní ti ọkọ yín, mi ò rò pé kí ẹ ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí sí i létí. Àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ kí wọ́n fi ìwé borí òun nínú ilé rẹ̀. Ẹ ní kó ṣe ohun kan ṣoṣo. Sátidé tó ń bọ̀, kó jókòó ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ sọ fún ọmọ náà àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pé bàbá fẹ́ kọ́ ọ. Kí ọmọ fi pádì lé e lọ́wọ́, kó máa fi èyí tó ń sáré àti èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù hàn án. Wọ́n á nà án, gólù mẹ́fà, méje. Bàbá á bínú díẹ̀, á béèrè ìdí tí bọ́ọ̀lù ò fi wọlé, ọmọ yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kí ẹnikẹ́ni má bá a parí ọ̀rọ̀ bó bá há. Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ohùn náà ní wákàtí kan gbáko, kó tó pe ẹni tó fẹ́ wá ra ẹ̀rọ náà.